Níbo Ni Ká Da Àwókù Ilé Sí?

Ta ló kọ́ àwọn ìyá wa níbi tó yẹ kí ààtàn wà? Wọn kì í gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga. Wọn kì í gbé e sápá òkè àgbàlá, kí ọ̀gbàrá má baà kó ẹ̀gbin wọlé. Síbẹ̀, wọn kì í jẹ́ kó jìnnà jù, torí ọmọ tí ọ̀nà ààtàn bá jìn fún, ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni yóò da ilẹ̀ sí.

Iṣẹ́ yẹn gan-an ni àwọn onímọ̀ ń fi kọ̀ǹpútà ṣe, nígbà tí ìlú ńlá bá ń wá ibi tí típà yóò máa da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù, èérún kọnkéré àti yẹ̀pẹ̀ ìpìlẹ̀ sí. Ẹ wo náílọ́ọ̀nù tó mọ́ gaara, irú èyí tí à ń fi wé búrẹ́dì. Ẹ ya odò sórí ọ̀kan, ilé sórí èkejì, títì sórí ẹ̀kẹta, kí ẹ tò wọ́n léra: gbogbo rẹ̀ ni ẹ ó rí lẹ́ẹ̀kan náà. Ian McHarg, onímọ̀ ìṣètò ilẹ̀, ṣàlàyé ọgbọ́n yìí nínú ìwé tó kọ lọ́dún 1969; àwòrán ilẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń tò léra bẹ́ẹ̀ báyìí.

Lẹ́yìn náà ni èèwọ̀. Ewúrẹ́ tí a so mọ́ èèkàn, ibi tí okùn rẹ̀ bá dé ló ń jẹ dé. Lórí àwòrán náà, wọ́n á so irú okùn bẹ́ẹ̀ mọ́ odò, mọ́ kànga, mọ́ ilé ìwé. Ibi tí okùn bá dé, típà kò gbọdọ̀ débẹ̀.

Ilẹ̀ tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń wọ̀n, ibí yìí ló sì wù mí jù. Ìyá tí owó ọwọ́ rẹ̀ kò tó ọjà á máa bi ara rẹ̀ pé: epo ni àbí ata? Ata ni àbí ẹja? Méjì méjì ló ń gbé e yẹ̀ wò. Thomas Saaty, onímọ̀ ìṣirò, sọ irú ìbéèrè yẹn di ìṣirò láàárín ọdún 1970 sí 1980: jíjìnnà sódò àti sísún mọ́ títì, èwo ló wúwo jù, báwo ló sì ṣe wúwo tó, láti 1 dé 9?

Ẹ má fojú kékeré wo yíyan ilẹ̀ yìí. Ní Shenzhen, nílẹ̀ Ṣáínà, kòtò tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń da yẹ̀pẹ̀ àti àwókù ilé sí. Omi kò rọ́nà jáde nínú rẹ̀ dáadáa. Ẹ sì mọ ohun tí ògiri alámọ̀ ń ṣe bí omi bá wọ ìdí rẹ̀. Ní ogúnjọ́ oṣù Kejìlá 2015, òkìtì náà ya lu àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀. Èèyàn 73 kú, wọn kò sì rí àwọn 4 mìíràn mọ́.

Nítorí náà, bí wọ́n bá ń wá ibi tí wọn yóò da àwókù sí ládùúgbò yín, ẹ lọ bá wọn, kí ẹ bi wọ́n pé: odò tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn, tó ń kún lásìkò òjò, ṣé ó wà nínú àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n yà?