Àwòrán Àwọn Obìnrin Àtìpó lára Ògiri: Láti Brixton dé Òṣòdì

Babatunde Lawal ti tọ́ka sí i pé a lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ náà "àwòrán" sí "à-wò-rántí", èyí ni ohun tí a ń wò kí a lè rántí ẹni tí kò sí níwájú wa. Bí ọ̀rọ̀ bá rí bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi àwòrán tó wà ní ìta gbangba ni pé: ta ni ìlú fẹ́ kí a máa rántí? Ìbéèrè yìí ni a óò fi wo àwọn àwòrán tí ó wà ní ibùdókọ̀ ojú irin Brixton ní Lọ́ńdọ̀nù, kí a tó dá a padà sí Òṣòdì.

Ìtàn àtìpó ni ìtàn Brixton. Nígbà tí ọkọ̀ ojú omi Empire Windrush gúnlẹ̀ sí Tilbury ní oṣù kẹfà ọdún 1948, inú ihò kan tí wọ́n gbẹ́ sábẹ́ ilẹ̀ Clapham nígbà ogun ni wọ́n fi àwọn èrò tí kò níbùgbé wọ̀ sí. Brixton ni ọ́fíìsì ìwáṣẹ́ tí ó súnmọ́ wọn jù wà; ọ̀pọ̀ wọn sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn rògbòdìyàn ọdún 1981, àwọn ayàwòrán kun ògiri àdúgbò náà. Àṣà yìí ni àjọ Art on the Underground sọ jí ní ọdún 2018, tí wọ́n ń gbé àwòrán tuntun sókè ẹnu ọ̀nà ibùdókọ̀ náà láti ìgbà dé ìgbà.

Njideka Akunyili Crosby, tí a bí ní Enúgu, ni ó ṣe àkọ́kọ́. Nínú Remain, Thriving, ó kó àwọn ọmọ-ọmọ ìran Windrush jọ sínú yàrá ìgbàlejò. Ní ọdún 2021, Joy Labinjo, ọmọ Nàìjíríà tí a bí sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ya ṣọ́ọ̀bù onídìrí, ó sì pè é ní 5 more minutes. Kò sí obìnrin tí ó ti jókòó síwájú onídìrí rí tí kò mọ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún bẹ́ẹ̀ lè di wákàtí kan. Ṣùgbọ́n inú ìjókòó gígùn yẹn ni èdè, òfófó àti ìmọ̀ràn ti ń kọjá láti ẹnu ìyá dé etí ọmọ.

Bí a bá fi èyí wé àkó Ọ̀wọ̀, ìyàtọ̀ hàn. Ẹni ńlá tí ó ti kú ni a ń ṣe àkó fún. Wọ́n á ṣe é kí ó jọ ọ́, wọ́n á wọ̀ ọ́ láṣọ, gbogbo ìlú sì mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀bù Labinjo kò lórúkọ lójú èrò tí ń kọjá. Èrè ibẹ̀ ni pé obìnrin èyíkéyìí lè wò ó kí ó ní, "Èmi nìyí." Àdánù ibẹ̀ ni pé a yẹ́ wọn sí láìsí oríkì.

Àdánù kejì wúwo jù. Ọdún 2018 kan náà tí wọ́n gbé Remain, Thriving sókè ni àṣírí tú pé ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lé àwọn kan nínú ìran Windrush kúrò nílùú, tí àwọn mìíràn sì pàdánù iṣẹ́ àti ìtọ́jú ilé ìwòsàn nítorí àìní ìwé. Àwòrán lè yẹ́ àtìpó sí. Kò lè fún un níwèé ìgbélùú.

Òṣòdì kò lè fi èyí ṣe ẹ̀sín. Orúkọ Òṣòdì Tápà ni àdúgbò náà ń jẹ́: ọmọ Núpé tí ó di balógun Kòsọ́kọ́, tí ó bá a lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní 1851, tí ó padà sí Èkó ní 1862, tí ó sì kú ní 1868. Ọkùnrin àlejò fi orúkọ sílẹ̀ fún ilẹ̀. Àwọn obìnrin àlejò ńkọ́, Ẹ̀gùn, Ìgbò, Haúsá, àti àwọn tí wọ́n ti Tógò wá, tí wọ́n ń pàtẹ lẹ́bàá bíríìjì? Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2016, ìjọba wó ọjà Ọ̀wọ́nífarí níbẹ̀. Ibùdókọ̀ ńlá ni wọ́n kọ́ sí àdúgbò náà, wọ́n sì ṣí i ní 2019.

Bí ayàwòrán kan bá fẹ́ kun òpó bíríìjì Òṣòdì lọ́la, ohun méjì ni ẹ̀kọ́ Brixton ń bèèrè: kí a kọ orúkọ àwọn obìnrin náà sábẹ́ àwòrán wọn, kí ìsọ̀ wọn sì ṣì wà níbẹ̀ nígbà tí ọ̀dà bá gbẹ.