Ọkọ̀ Ojú Omi Tó Ń Lo Bátìrì: Ewu Tí Kì í Pariwo

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ ojú omi ló ń bèèrè bóyá bátìrì kò ní í sàn ju bẹntiróòlù lọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tuntun: ní 1838 ni Moritz Jacobi ti fi bátìrì wa ọkọ̀ lórí odò Neva ní Rọ́ṣíà. Ó dára lóòótọ́, kì í rú èéfín, kì í sì í dá etí ẹni dí. Ṣùgbọ́n ibi tó ti dára náà ni ewu rẹ̀ wà. Bẹntiróòlù máa ń rùn kó tó gbiná, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì máa ń ké kó tó gé èèyàn. Ti bátìrì kì í kìlọ̀.

Ẹ wo abẹ̀bẹ̀ irin tó ń yí lábẹ́ omi. Ní kété tí ọwọ́ bá kan súìṣì ló ti gbéra, ọmọ tó ń lúwẹ̀ẹ́ nítòsí kò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Ẹ pa iná ọkọ̀ pátápátá kí èrò tó wọlé tàbí kí wọ́n tó sọ̀. Ọrùn ọwọ́ awakọ̀ ni kí ẹ so okùn tí ń pa ẹ́ńjìnì mọ́, kí ọkọ̀ lè dúró bó bá ṣubú sómi.

Bátìrì olómi ásíìdì máa ń tú afẹ́fẹ́ haidirójìn jáde nígbà tí a bá ń ṣáàjì rẹ̀. Kò ní òórùn rárá. Bó bá kó jọ tó ìdá 4 nínú 100 afẹ́fẹ́ ibẹ̀, ìṣáná kan ṣoṣo lè mú kó bú gbàmù, nítorí náà ẹ má ṣáàjì rẹ̀ nínú àpótí tó dé pa. Ti lithium yàtọ̀: bó bá gbiná, ó lè tún ràn lẹ́yìn tí ẹ rò pé ó ti kú, májèlé sì ni èéfín rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi wáyà lásán rọ́pò fíúsì tó jó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́.

Èyí tó ń bà wá lẹ́rù jù ni wáyà NEPA tàbí ti jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n ń fà wọnú ọkọ̀ lóru. Bí iná bá jò sínú omi, ara ẹni tó wà níbẹ̀ á le gbagidi, kò ní lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́, á sì rì. Omi odò tún burú ju omi òkun lọ, torí iyọ̀ ara wa ju tirẹ̀ lọ, ara wa ló máa ń rọrùn fún iná láti gbà kọjá. Ẹ gbé bátìrì lọ sílé lọ ṣáàjì. Bí iná bá sì mú ẹnì kan nínú omi, ẹ má fò tọ̀ ọ́. Ẹ pa jẹnẹrétọ̀ ná.

Ẹyọ bátìrì ńlá kan lè tó kìlò 30. Mẹ́rin rẹ̀ ti gba àyè èrò méjì, ẹ sì gbọ́dọ̀ yọ wọ́n kúrò nínú iye èrò. A kò tíì gbàgbé Oṣù Kẹfà 2023, nígbà tí ọkọ̀ tó kó àwọn tó ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dà lóru lágbègbè Pàtígi, tí ẹni tó lé ní 100 kú. Èrò ti pọ̀ jù. Bátìrì kò lè gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ là. Ẹ̀wù ìléfòó ni kí olúkúlùkù wọ̀.

Ìṣirò kan ló kù. Bátìrì fóltì 12, ámpù-wákàtí 100, tí a lò dé ìdajì bó ṣe yẹ, kò ní gbé ẹ́ńjìnì tó ń jẹ ámpù 50 ju wákàtí 1 lọ. Torí náà, ẹ kọ́kọ́ lọ sí òkè odò, kí omi lè ràn yín lọ́wọ́ nígbà àbọ̀. Ẹ sì mú àjẹ̀ 2 dání.