Ikọ̀ Òwò Ìjọba

Ikọ̀ òwò ìjọba ni ẹgbẹ́ aṣojú tí ìjọba kan rán lọ sí ilẹ̀ mìíràn láti la ọ̀nà ọjà fún àwọn oníṣòwò rẹ̀. Ìjọba a máa san lára owó ìrìn-àjò, a máa bá àwọn aláṣẹ ibẹ̀ sọ̀rọ̀, a sì máa fi àwọn ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ mọ àwọn olùrajà tí wọn kì bá tí lè dá dé ọ̀dọ̀ wọn. Ní Nàìjíríà, àjọ NEPC tí òfin 1976 dá sílẹ̀ ni ó ń bójú tó títa ọjà sí òkèèrè. Ti Gánà, GEPA, ti wà láti 1969.

Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun. Ní oṣù Karùn-ún 1817, ikọ̀ kan láti ilé odi Cape Coast wọ Kùmásì, olú-ìlú Aṣánti. Ẹgbẹ́ oníṣòwò Gẹ̀ẹ́sì tí owó ilé aṣòfin Lọ́ńdọ̀nù ń gbé ró ni ó rán wọn. Frederick James ni olórí wọn níbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀dọ́mọkùnrin Thomas Edward Bowdich gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó parí. Asantehene Osei Bonsu gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, síbẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀bùn bo ẹ̀tọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀: ó bèèrè owó ilẹ̀ tí àwọn odi etíkun ń san, èyí tí ó kà sí tirẹ̀ láti ìgbà tí ó ti ṣẹ́gun àwọn Fante. Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Ní 1820, Joseph Dupuis, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀ rán, tún ṣe òmíràn, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ Cape Coast kọ̀ ọ́. Nígbà tí ó fi máa di 1824, Aṣánti àti Gẹ̀ẹ́sì ti ń bá ara wọn jagun.

Àwọn Yorùbá tí ó ṣòwò dé Gánà ní ọ̀rúndún ogún kò tẹ̀lé ikọ̀ ìjọba kankan. Láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìlọrin àti Ṣakí ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, ará ilé ni ó sì ń fa ará ilé. Ní 18 oṣù Kọkànlá 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kí ó kúrò. Àìmọye ìdílé ni ó fi ṣọ́ọ̀bù àti gbèsè tí wọ́n jẹ wọ́n sílẹ̀. A kò tíì dá ECOWAS sílẹ̀ nígbà náà, 1975 ni.

Òfin 865 ti 2013 ní Gánà ya títa ọjà lórí àtẹ àti nínú ọjà sọ́tọ̀ fún ọmọ ilẹ̀ náà, ó sì ní kí ilé-iṣẹ́ òkèèrè tí yóò máa rà tí yóò máa tà ní mílíọ̀nù kan dọ́là, kí ó sì gba ó kéré tán ogún ọmọ Gánà tí ó mọṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ ńlá tí ikọ̀ ìjọba mú wá lè rí irú owó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ní Race Course ní Kùmásì, níbi tí a kó àwọn oníṣòwò kan lọ nígbà tí wọ́n ń tún ọjà Kéjétíà kọ́, aláṣọ tàbí oníbàtà tí ó ti òkèèrè wá kò lè rí i. Òwò lábẹ́ àdéhùn ọjà kan ṣoṣo ti Áfíríkà, tí olú-iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Àkrà, bẹ̀rẹ̀ ní 1 oṣù Kìíní 2021. Ó ń dín owó ibodè kù lórí ẹrù. Ẹni tí ó lè tẹ́ àtẹ nínú ọjà ṣì wà lábẹ́ òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan.