Akọ Òkúta: Agbára Ilé, Ewu Ẹ̀dọ̀fóró

Àwọn ọdẹ àtijọ́ mọ òkúta ìbọn dáadáa. Silex ni àwọn elédè Faransé ń pè é. Bí ó bá gbá irin, iná a ta, ẹ̀tù ìbọn a sì gbiná. Kì í ṣe òkúta náà ni ó ń jó. Ó le débi pé ó ń ha irin, ohun tí ó há kúrò lára irin ni ó ń gbóná, tí ó sì ń tàn. Láti inú ṣíṣá iná ni ọ̀rọ̀ náà “ìṣáná” ti wá.

Òkúta tí ó wá láti òkèèrè

Òkúta ìbọn kò sí nínú ilẹ̀ Atakpamé. Inú ilẹ̀ ẹfun ni a ti ń rí i, bí irú èyí tí ó wà ní Faransé àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Meusnes ní Faransé, àti ní Brandon ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ènìyàn máa ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́ fún ìbọn nígbà àtijọ́. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe ní Brandon ni ọkọ̀ ojú omi kó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Wọ́n tún ń fi òkúta yìí kọ́ ilé. Ní agbègbè Brandon, òun ni ó wà lára ògiri ọ̀pọ̀ ilé àti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́. Nítorí pé ó rí kúlúkúlú, kò rọrùn láti fi í mọ igun ilé kí ó gún. Bíríkì tàbí òkúta gbígbẹ́ ni wọ́n ń lò sí igun.

Akọ òkúta funfun

Ohun tí ilẹ̀ ẹni bá ní ni a fi ń kọ́lé. Ní agbègbè Atakpamé, akọ òkúta funfun wà, èyí tí a ń pè ní quartz. Ohun kan náà ni òun àti òkúta ìbọn fi jọ le: èròjà tí a ń pè ní silice. Ní Ilé-Ifẹ̀, tí àwọn Ifẹ̀ Atakpamé ń kà sí orísun wọn, àwọn ará àtijọ́ to irú òkúta funfun bẹ́ẹ̀ mọ́ àpáàdì láti fi tẹ́ ilẹ̀ àgbàlá. Iṣẹ́ náà ti lé ní 600 ọdún, díẹ̀ nínú rẹ̀ sì wà títí di òní.

Akọ òkúta wúlò ní ìpìlẹ̀ ilé alámọ̀. Bí òjò bá ń ta sí ìdí ògiri, amọ̀ a máa ṣí díẹ̀díẹ̀, òkúta kì í ṣí. A tún ń fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́, kí a pò ó mọ́ yanrìn, símẹ́ǹtì àti omi. Ó yẹ kí a kọ́kọ́ fọ òkúta náà, nítorí símẹ́ǹtì kì í lẹ̀ mọ́ òkúta tí ẹrẹ̀ bò.

Eruku tí ojú kò rí

Ewu kan wà nínú fífọ́ rẹ̀. Eruku akọ òkúta kúnná tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń wọ inú ẹ̀dọ̀fóró lọ, kì í sì í jáde mọ́. Ó ń dá ọgbẹ́ síbẹ̀, títí mímí yóò fi di ìṣòro. Silicose ni orúkọ àrùn náà. Kò ní ìwòsàn, ó sì ń mú kí ikọ́ ife tètè mú ènìyàn. Àwọn tí ń fọ́ òkúta ìbọn ní Brandon àti ní Meusnes mọ̀ ọ́n: ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó kú láìdàgbà.

Ṣùgbọ́n a lè dènà rẹ̀. Omi ni ààbò àkọ́kọ́: kí ẹni tí ń fọ́ òkúta máa wọ́n omi sí i, kí eruku má baà gbéra. Kí ó jókòó sí gbangba, kí ó kọ ẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Kí ó lo ìbòmú, ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé aṣọ lásán kò lè dá eruku kíkúnná dúró. Kí ó fi awò bo ojú, nítorí èéfọ́ òkúta mú bí abẹ. Kí ọmọdé má sì súnmọ́ ibẹ̀.

Ilé tí a fi akọ òkúta ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀ lè pẹ́ ju ẹni tí ó kọ́ ọ lọ. Ó yẹ kí ẹni tí ó fọ́ òkúta náà pẹ́ láyé pẹ̀lú. Ìlera loògùn ọrọ̀.