Nígbà Tí Àmì Ìbọn Diana Bá Ń Mì

Ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá tí a dàgbà sí Òkè Ọya ló mọ ìbọn afẹ́fẹ́ tí àwọn bàbá wa máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Diana ni a ń pè é, ìbáà jẹ́ Diana lóòótọ́ tàbí kó má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà ìsinmi tó kọjá, mẹ́ta nínú wa bá irú rẹ̀ nílé, ẹ̀sùn kan náà ni wọ́n sì fi kan gbogbo wọn: ìbọn ti darúgbó, ọta rẹ̀ kì í lọ síbi tí a bá nà án sí mọ́. Bàbá ọ̀kan nínú wa ti fẹ́ gbé tirẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. A yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tí ọ̀pá rẹ̀ wọ́. Àmì tí a fi ń wo ọ̀kánkán ló ń mì.

A bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ohun tí Yorùbá ń pe àmì wọ̀nyí. Ẹnì kan fi Hausa dá wa lóhùn, ẹlòmíràn ní "sáìtì" náà ni. Nítorí náà, àmì iwájú ni a ó máa pe èyí tó wà létí ẹnu ìbọn, àmì ẹ̀yìn ni èyí tó súnmọ́ ojú ẹni tó ń yìn ín. Ẹni tó bá ní orúkọ tó dára jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó kọ̀wé sí olóòtú.

Kí ló ń tú wọn? Ìbọn yìí kò lo ẹ̀tù. Bí a bá ṣẹ́ ọ̀pá rẹ̀ wálẹ̀, sìpíríǹgì ńlá kan nínú rẹ̀ yóò fún pọ̀. Bí a bá yìn ín, sìpíríǹgì yóò ti pístìn síwájú, pístìn yóò sì ti afẹ́fẹ́ lé ọta nídìí. Ìbọn a kọ́kọ́ ta sẹ́yìn. Bí pístìn bá sì ti dé òpin ibi tó ń lọ, ìbọn a tún ta síwájú. Fún ogójì ọdún ni ìbọn ti ń ta lọ ta bọ̀ báyìí. Síkúrúù wo ni kò ní tú?

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀. Bí àlàfo àárín àmì méjèèjì bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40, tí àmì ẹ̀yìn sì yẹ̀ ní ìdajì mìlímítà péré, ọta yóò fi mìlímítà 12.5 ṣìnà ní mítà 10. Ní mítà 20, ó di 25. Ojú lásán kò lè rí ìdajì mìlímítà yẹn dáadáa, ṣùgbọ́n ẹyẹ tí ẹ fẹ́ pa yóò fò lọ, ọta yóò sì wá ibòmíràn bà. Nínú àgbàlá tí ọmọdé ti ń ṣeré, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ẹ̀rín.

Ìbọn ni ìbọn ń jẹ́ o. Òfin Ìbọn Nàìjíríà ti ọdún 1959 ka ìbọn afẹ́fẹ́ mọ́ àwọn tí a gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ fún, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má gbé e wá sí họ́sítẹ̀lì. Nílé pàápàá, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé kò sí ọta nínú rẹ̀, àti pé sìpíríǹgì rẹ̀ kò fún pọ̀. Bí a bá ti ṣẹ́ ọ̀pá wálẹ̀, ẹ má ti ìka bọ ojú ibi tó ṣí sílẹ̀ láìfi ọwọ́ kejì di ọ̀pá náà mú ṣinṣin. Bó bá já padà, ìka lè lọ sí i.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ara àmì. Ẹ kọ́kọ́ fún àwọn síkúrúù tó de igi mọ́ irin le, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi níwájú àti èyí tó wà nítòsí ibi tí ìka ń fà. Igi tó ń mì nìkan tó láti tú ọta káàkiri. Lẹ́yìn náà, ẹ pa ọ̀pá dé, kí ẹ mì í sí ọ̀tún àti òsì. Bó bá ń yẹ̀, bóòtù tí ọ̀pá fi ń ṣẹ́ ló fẹ́ fífún. Lára Diana 27, síkúrúù kékeré kan wà létí orí bóòtù yìí tó ń dè é; òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tú, kí ẹ tó yí ńlá.

Nígbà náà ni kí ẹ wá kan àmì. Ẹ kán epo ẹ̀rọ díẹ̀ sí ibi tí àmì ti pàdé irin, kí ẹ sì fi èékánná tì í. Bí epo náà bá ń wọlé tó ń jáde, àmì yẹn ti tú, bí ojú kò tilẹ̀ rí i.

Síkúrúù ló sábà máa ń de àmì ẹ̀yìn. Ẹ tú u, ẹ fi pẹtiróòlù díẹ̀ fọ epo àti ìdọ̀tí kúrò níbi tó jìnnà sí iná, kí ẹ sì jẹ́ kí ó gbẹ. Loctite aláwọ̀ búlúù, ẹ̀kán kan péré, ni ó tọ́ sí i. Ẹ má ra aláwọ̀ pupa, ẹ kò ní lè tú u mọ́ láìlo iná. Ẹni tí kò bá rí i rà, kí ó tọrọ kútẹ́ẹ̀sì lọ́wọ́ àwọn arábìnrin rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́. Kí ẹnu síkúrúdíráfà bá ojú síkúrúù mu gẹ́lẹ́, nítorí èyí tó kéré jù ni yóò jẹ ojú síkúrúù náà, a kò sì mọ ibi tí a ó ti rí òmíràn. Kí ẹ tó wá síkúrúù tuntun, ẹ ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Rastatt ní Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Diana ní 1890, ṣùgbọ́n lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ Milbro ní Motherwell ní Scotland, àwọn náà sì ń ṣe Diana tiwọn. Síkúrúù ti ọ̀kan lè má wọ èkejì.

Àmì iwájú ló máa ń yọni lẹ́nu. Lára ọ̀pọ̀ ìbọn àtijọ́, inú kòtò tóóró tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ ni wọ́n ti fi tipátipá kàn án bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Bí kòtò náà bá ti jẹ, ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ibi tó wà, kí ẹ fi idẹ tàbí igi líle kàn án jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi sáàsì gé pẹlẹbẹ kan lára agolo mínírà, kí ẹ tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì kàn án padà sórí ìlà yẹn. Agolo yẹn kò nípọn ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lọ, ó sì sábà máa ń tó. Ọ̀kan nínú àwọn ìbọn mẹ́ta wa ti dé ọ̀dọ̀ wẹ́dà kan rí. Ó jó àmì iwájú mọ́ ọn pẹ̀lú idẹ, lóòótọ́ kò mì mọ́, ṣùgbọ́n ó wọ́, àwọ̀ dúdú irin náà sì ti bó dé àárín ọ̀pá. Títí ayé ni yóò máa lọ sí òsì.

Bó bá ti le tán, ẹ gbé páálí sí mítà 10, kí ògiri amọ̀ tàbí òkìtì iyanrìn wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ gbé ìbọn lé orí àpò iyanrìn, ọwọ́ yín lábẹ́ rẹ̀, láìfún un pa. Ìbọn onísìpíríǹgì kì í fẹ́ kí a dì í mú gírígírí. Ẹ yin ọta márùn-ún kí ẹ tó yí ohunkóhun. Ibi tí ẹ bá fẹ́ kí ọta lọ ni kí ẹ ti àmì ẹ̀yìn sí. Òdìkejì rẹ̀ ni ti àmì iwájú. Ẹ má sì yìn ín lófìfo, nítorí ọta tó wà lẹ́nu rẹ̀ ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba pístìn dúró.

Ní ìparí iṣẹ́, ẹ fi kútẹ́ẹ̀sì fa ìlà tín-ín-rín láti orí síkúrúù kọjá sórí irin. Lẹ́yìn ọta bí 50, ẹ tún un wò. Ọjọ́ tí ìlà náà bá yapa, síkúrúù ti ń tú nìyẹn.