Ilẹ̀kùn Gáréèjì Kọ́ Ni Ooru Ń Gbà Wọlé ní Ìpele

Ẹni tó bá ti gbé ní ìlú olótùútù bíi Chicago tàbí Minneapolis mọ ilẹ̀kùn gáréèjì onífóòmù dáadáa. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ni, fóòmù líle kún àárín wọn, rọ́bà sì wà létí rẹ̀ tí kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ráyè wọlé. Lọ́hùn-ún, gáréèjì sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ilé, ìgbà mìíràn sì wà tó jẹ́ pé yàrá ìbùsùn ló wà lókè rẹ̀. Bí ilẹ̀kùn ńlá yẹn bá jẹ́ irin lásán, òtútù á máa gbabẹ̀ wọlé, owó tí wọ́n fi ń mú ilé gbóná á sì máa ga. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bó bá wu ọmọ Ìpele, ìlú kan lágbègbè Ọ̀wọ̀, tó ń kọ́lé sílé láti òkè òkun pé kó fi irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, kí ilé lè tutù, kí owó iná sì dín kù.

Ìmọ̀ràn tèmi ni pé kó kọ́kọ́ gbójú sókè wo òrùlé ná.

Ooru kì í jókòó síbì kan. Ibi tó bá ti pọ̀ ló ti ń lọ síbi tó ti kéré, ọ̀nà mẹ́ta ló sì ń gbà rìn. Ó ń gba ara nǹkan líle kọjá. Ìdí nìyẹn tí ṣíbí irin inú ìkòkò fi ń jóni lọ́wọ́. Atẹ́gùn náà a máa gbé e kiri. Ẹ̀kẹta ni èyí tí nǹkan gbígbóná ń ta síni lára láìfarakàn wá, gẹ́gẹ́ bí oòrùn ṣe ń ṣe láti ibi jíjìn tó wà. Irin kò lè dènà ti àkọ́kọ́ rárá. Fóòmù lè dènà rẹ̀, nítorí pé àìmọye ihò tíntìntín ló wà nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ há sínú wọn, kò sì lè rìn. Fóòmù yìí kò ṣàjèjì ní Ìpele. Òun ló wà nínú ògiri fíríìjì, òun náà ló wà lára kúlà tí àwọn tó ń ta omi tútù ń gbé kiri.

Àwọn ará Amẹ́ríkà ń fi lẹ́tà R díwọ̀n bí nǹkan ṣe lè dá ooru dúró tó. Bí R bá ṣe pọ̀ tó ni ooru ṣe ń ṣòro láti kọjá. Fóòmù funfun tí wọ́n máa ń fi há tẹlifíṣọ̀n tuntun sínú páálí ní R bíi 4 fún íǹṣì kan. Èyí tí wọ́n ń pè ní polyurethane tó bíi 6. Ilẹ̀kùn tó ní íǹṣì méjì polyurethane lè jẹ́ R 12 nínú ìwé tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀, ṣùgbọ́n àárín irin méjèèjì nìkan ni wọ́n sábà máa ń wọ̀n. Bí a bá ka oríkèé rẹ̀ àti etí tí atẹ́gùn ń gbà mọ́ ọn, kò ní tó bẹ́ẹ̀.

Ohun mẹ́ta ló ń pinnu iye ooru tó ń gba ibì kan wọlé: bí ibẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bó ṣe lágbára tó láti dènà ooru, àti bí gbígbóná ìhà kan ṣe ju ti ìhà kejì lọ. Èyí tó kẹ́yìn yìí làwọn èèyàn kì í rántí. Nínú oṣù Kìíní, ìta lè jẹ́ digíríì 15 sísàlẹ̀ òdo ní Minneapolis, nígbà tí inú ilé jẹ́ 20. Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 35. Ní Ìpele, lọ́sàn-án oṣù Kejì tàbí Ìkẹta, ìta lè tó nǹkan bíi 34. Bí ẹ̀rọ amúlétutù bá ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá, tí wọ́n gbé e sí 26, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò ju 8 lọ. Ìwọ̀nba ooru tí ilẹ̀kùn kan náà máa dènà fún wa kò tó ìdá mẹ́rin ohun tó ń dènà fún wọn lọ́hùn-ún. Ìyẹn bí ẹ̀rọ amúlétutù bá wà nínú gáréèjì o, ta ló sì ń gbé e síbẹ̀? Bí gáréèjì bá gbóná bákan náà bí ìta, kò sí ohun tí fóòmù fẹ́ dènà. Ọ̀pọ̀ ilé ní Ìpele ni kò tilẹ̀ ní gáréèjì. Abẹ́ páànù tí wọ́n ta sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ni ọkọ̀ ń sùn, tàbí abẹ́ igi máńgòrò.

Ẹ wá wo òrùlé. Ìpele wà ní nǹkan bíi digíríì 7 sí àríwá ìlà tó pín ayé sí méjì. Nítorí èyí, lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wà ní àtàrí. Kódà nínú oṣù Kejìlá tó máa ń lọ sílẹ̀ jù lọ, ó ṣì máa ń ga tó digíríì 60 lọ́sàn-án. Irú oòrùn bẹ́ẹ̀ kò bá ògiri jà, òrùlé ló ń dojú kọ. Bí ojú ọ̀run bá mọ́, nǹkan bíi 1,000 wáàtì ló ń bọ́ sórí mítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan lọ́sàn-án gangan. Òrùlé tó bo yàrá kan tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 fẹ̀ tó mítà 13 bẹ́ẹ̀, èyí tó túmọ̀ sí 13,000 wáàtì. Ẹ̀rọ amúlétutù kékeré tí wọ́n ń pè ní họ́ọ̀sì kan kì í jẹ ju nǹkan bíi 900 wáàtì lọ. Lóòótọ́, gbogbo ooru yẹn kọ́ ló ń wọlé. Páànù ń dá apá kan padà, atẹ́gùn sì ń gbé òmíràn lọ. Síbẹ̀, páànù tó ti dípẹtà lè gbóná tó digíríì 65. Bí inú yàrá bá jẹ́ 28, ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ 37, ó ju ti Minneapolis lọ! Ogun tí wọ́n ń bá òtútù jà lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́hùn-ún, orí òrùlé ni tiwa wà.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì lè dán an wò fúnra rẹ̀. Kó gun àga ní agogo mẹ́ta ọ̀sán, kó na ọwọ́ súnmọ́ sílìn láìfọwọ́ kàn án, lẹ́yìn náà kó na ọwọ́ kan náà súnmọ́ ògiri àti ilẹ̀kùn. Páànù ń ta ooru sí sílìn, sílìn ń ta á sí ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín páànù àti sílìn náà ń gbóná, kò sì rí ọ̀nà jáde. Fáànù tó wà lókè yàrá wá ń fẹ́ ooru sílìn sí wa lára.

Àwọn bàbá wa ní agbègbè Ọ̀wọ̀ kò bá ìṣòro yìí pàdé bí a ṣe ń bá a pàdé. Koríko tàbí ewé gbọ́dọ̀gì tí wọ́n fi ń bo ilé nípọn, afẹ́fẹ́ sì há sínú rẹ̀ bíi ti fóòmù. Lábẹ́ rẹ̀ ni àjà wà, igi tí wọ́n tẹ́ tí wọ́n sì fi amọ̀ rẹ́, tó jẹ́ pé bí iná tilẹ̀ jó òrùlé, ó lè máà ràn mọ́ yàrá. Ògiri amọ̀ tó nípọn máa ń pẹ́ kó tó gbóná; ooru ọ̀sán kò ní tíì là á já kí oòrùn tó wọ̀. Ààfin Ọlọ́wọ̀ pẹ̀lú àwọn ùghà rẹ̀, àgbàlá tí wọ́n fi ilé yí ká tí àwọn tó kọ ìwé nípa ààfin náà sọ pé ó ti tó ọgọ́rùn-ún rí, ń jẹ́ kí atẹ́gùn àti ìmọ́lẹ̀ wọ àárín ilé láìjẹ́ pé oòrùn ń jó yàrá. N kò sọ pé ká padà sí ilé koríko. Páànù kì í tètè jóná, kì í sì í béèrè pé ká tún un bò lẹ́yìn ọdún mélòó kan. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ìgbà kan náà la pa koríko àti àjà tì, a wá fi sílìn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ́pò wọn, a sì fi búlọ́ọ̀kù íǹṣì mẹ́fà tó ní ihò nínú rọ́pò ògiri amọ̀.

Kí wá ni ṣíṣe? Ohun tó rọrùn jù ni ihò atẹ́gùn. Bí ihò bá wà lábẹ́ etí òrùlé ní ìhà méjèèjì, tí òmíràn sì wà lókè níbi ṣóńṣó, afẹ́fẹ́ gbígbóná á máa gba òkè jáde, èyí tó tutù díẹ̀ á máa gba ìsàlẹ̀ wọlé. Nẹ́ẹ̀tì irin ni kí wọ́n fi dí wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àdán àti eku á sọ ibẹ̀ dilé. Ọ̀dà funfun tí wọ́n ṣe fún òrùlé náà ń ṣiṣẹ́ gan-an lórí páànù àtijọ́, nítorí pé ó ń dá púpọ̀ nínú oòrùn padà kó tó di ooru rárá. Ẹni tó ń gbe omi òjò láti etí páànù gbọ́dọ̀ rí i dájú pé kò sí òjé nínú ọ̀dà náà. Kó sì mọ̀ pé eruku ọyẹ́ á bò ó lójú, á ní láti máa fọ̀ ọ́.

Lẹ́yìn èyí ni fóìlì tó ń dán, èyí tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ páànù. Ibí yìí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́. Fóìlì kì í dènà ooru tó ń gba ara nǹkan kọjá. Ooru tí nǹkan ń ta síta nìkan ló ń dènà, kò sì lè ṣe é bí kò bá sí àlàfo afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kápẹ́ńtà bá kàn án mọ́ páànù típẹ́típẹ́ lókè, tí ó sì lẹ̀ mọ́ pákó nísàlẹ̀, owó ti wọgbó. Ó kéré tán, kí àlàfo íǹṣì kan wà, kí ojú tó ń dán sì kọ sísàlẹ̀, torí eruku tó bá bà lé e ló máa ń pa dídán rẹ̀.

Fóòmù gan-an lè wà lórí sílìn. Íǹṣì méjì fóòmù funfun, tí wọ́n gé kó wọ àárín igi dáadáa láìsí àlàfo, ń fún yàrá ní R bíi 8, ìyẹn sì ju ohun tí ọ̀pọ̀ ilé ní lọ. Ó tún ń dín ariwo òjò kù, àǹfààní tí àwọn tó ń sùn lábẹ́ páànù á mọyì. Àmọ́ fóòmù ń jó, èéfín rẹ̀ sì ń pani. Kò gbọ́dọ̀ fara kan wáyà iná tàbí gílóòbù, kò sì gbọ́dọ̀ wà láìbò lójú yàrá. Bí sílìn àtijọ́ bá jẹ́ àsìbẹ́sítọ̀, kí ẹnikẹ́ni má fọ́ ọ tàbí fi ayùn gé e, nítorí eruku rẹ̀ ń fa àrùn jẹjẹrẹ. Kí wọ́n fi í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí wọ́n kan tuntun sábẹ́ rẹ̀.

Nípa owó, ìṣirò rẹ̀ kò le. Nínú oṣù Kẹrin ọdún 2024, NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná mànàmáná, sọ owó yúníìtì kan di 225 náírà fún àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tó ń rí iná jù lọ, látorí nǹkan bíi 68. Ó sì ti yí padà díẹ̀ láti ìgbà náà. Ẹ̀rọ amúlétutù tó ń jẹ 900 wáàtì, tó ṣiṣẹ́ wákàtí mẹ́fà láìsinmi, ń jẹ yúníìtì 5.4, ìyẹn, bí a bá fi 225 yẹn ṣírò, 1,215 náírà lálẹ́ kan, 36,450 láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Bí fóòmù orí sílìn bá jẹ́ kí ẹ̀rọ náà máa sinmi ní ìdá kan nínú mẹ́ta àkókò yẹn, 12,150 ló kù sápò. Ẹni tí kò sí ní Band A ń san owó tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lórí yúníìtì, ṣùgbọ́n wákàtí iná rẹ̀ kéré, jẹnẹrétọ̀ ló sì ń bá a dí i, owó epo bẹntiróòlù kò sì tíì padà sí ibi tó wà kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ kúrò lórí rẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ní ti ẹni tó jẹ́ fáànù nìkan ló ń lò, kí n má purọ́, owó tó máa kù kò tó nǹkan. Oorun ló máa rí sùn.

Ilẹ̀kùn irin ní àkókò tirẹ̀ o. Ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn máa ń gbóná láti agogo mẹ́rin, nítorí pé nígbà náà oòrùn ti rẹlẹ̀, ojú irin ló sì ń bọ́ sí tààrà. Fóòmù lára ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ á ṣèrànwọ́ bí wọ́n bá ń tì í pa lọ́sàn-án. Ìbòji á ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ, owó rẹ̀ sì kéré: páànù tí wọ́n nà síwájú ṣọ́ọ̀bù, tàbí igi tí wọ́n gbìn síbi tó yẹ. Ọ̀dà funfun náà ń bẹ.

Ẹni tó bá ṣì fẹ́ ilẹ̀kùn onífóòmù, tó ní owó rẹ̀, tó sì fẹ́ sọ gáréèjì di ọ́fíìsì tàbí yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù wà, kó mọ̀ pé ó wúwo ju ti irin lásán lọ. Sípíríǹgì tó ń gbé e gbọ́dọ̀ bá ìwọ̀n rẹ̀ mu. Sípíríǹgì yẹn le gan-an. Bó bá já mọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tú lọ́wọ́, ó lè ṣe é léṣe. Bó bá sì bàjẹ́ ní Ìpele, ibo ni wọ́n ti máa rí òmíràn rà? Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ti jẹnẹrétọ̀. Gáréèjì tí rọ́bà ti dí gbogbo etí rẹ̀ kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí, ì báà jẹ́ fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Afẹ́fẹ́ olóró inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, ó sì ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá tí àwọn èèyàn ti ń sùn.

Ilé tí wọn kò tíì bò ló rọrùn jù láti tún ṣe. Kí kápẹ́ńtà tó kan páànù, kí wọ́n ti tẹ́ fóìlì, kí wọ́n ti fi àlàfo sílẹ̀, kí wọ́n sì ti gé ihò atẹ́gùn sí etí òrùlé. Bí páànù bá ti gorí ilé tán, láti inú sílìn ni wọ́n á máa rákò ṣe é, owó iṣẹ́ á sì gun òkè.