Ewé Kan Náà, Oúnjẹ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: Ohun Tí Ẹ̀rọ Géèmù PS3 Kọ́ Wa Nípa Fídíò Ọwọ́ Wa

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún 2007, Sony gbé fámúwíà 2.10 jáde fún ẹ̀rọ géèmù PlayStation 3. Fámúwíà ni sọ́fítíwíà tó ń gbé inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, tó ń sọ ohun tí ẹ̀rọ náà lè ṣe fún un. Kò sí géèmù tuntun nínú èyí tí wọ́n gbé jáde lọ́jọ́ náà. Ohun tó mú wá ni pé ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí fídíò DivX àti fídíò WMV, èyí tí kò lè ṣí tẹ́lẹ̀. Ẹni tí fíìmù rẹ̀ kọ̀ láti ṣí lánàá lè so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, kí fíìmù kan náà sì ṣí lórí ẹ̀rọ kan náà. Ẹnikẹ́ni kò tú ẹ̀rọ náà, wọn kò sì pààrọ̀ ohunkóhun nínú rẹ̀.

Kí ló wá yí padà? Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti jáde, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sórí géèmù. Ó kan ìjálá, rárà, ẹkún ìyàwó àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò tí púpọ̀ nínú wa gbà sílẹ̀ fún iṣẹ́ àpilẹ̀kọ, tó wà nínú síídì àti fúláàṣì káàkiri ilé wa.

Mo fi ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn kan ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Opebi, ní Ikeja, níbi tí wọ́n ti ń tún ẹ̀rọ géèmù ṣe, tí wọ́n sì ń da fídíò kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sínú fúláàṣì. Opebi kò jìnnà sí Computer Village, nítorí náà oríṣiríṣi ẹ̀rọ ló ń gba ọwọ́ wa kọjá. PS3 ṣì ń wọlé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti dàgbà. Ìbéèrè tí àwọn oníbàárà ń béèrè jù ni: "Bọ̀dá, ṣé ó máa gba AVI?" Ọ̀gá mi kì í dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kì í sì í dáhùn pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ohun tó máa ń sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó wà nínú ẹ̀ ná." Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yé mi pé ìdáhùn tó péye jù lọ nìyẹn.

Kí ló dé tí a fi ń fún fídíò pọ̀?

Àwòrán tó ń tẹ̀ lé ara wọn kíákíá ni fídíò. Ní ìlànà PAL tí tẹlifíṣọ̀n wa ní Nàìjíríà ń lò, àwòrán 25 ló ń kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwòrán DVD kọ̀ọ̀kan ní àmì tín-ín-tìn-ìn 720 ní ìbú àti 576 ní òró, èyí tó jẹ́ 414,720 lápapọ̀. Bí a bá fi nọ́ńbà mẹ́ta kọ àwọ̀ àmì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá kan yóò gba nǹkan bí mẹ́gábáìtì 31. Fíìmù wákàtí méjì yóò gba nǹkan bí gígábáìtì 224. Síídì kan kò sì gbà ju mẹ́gábáìtì 700 lọ. Kí fíìmù náà tó lè wọ inú síídì kan, a ní láti fún un pọ̀ ní ìlọ́po 320.

Ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ ni pé àwòrán tó tẹ̀ lé ara wọn máa ń jọra. Ẹ ronú nípa fídíò òkú àgbà. Kánópì kò kúrò lójú kan, àga kò kúrò lójú kan, àwọn tó ń jó nìkan ló ń rìn. Dípò kí a kọ kánópì sílẹ̀ nígbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, a ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, a ó wá máa kọ ìyípadà nìkan. A ó sì gé kúrò lára ohun tí ojú ènìyàn kò lè tètè rí. Ìlànà tí a ń gbà ṣe èyí pọ̀, bí wọ́n sì ṣe ń jáde ni wọ́n ń fún fídíò pọ̀ sí i. MPEG-1 ti ọdún 1993 ni VCD ń lò. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 74 ni VCD kan lè gbà, ìdí nìyẹn tí fíìmù Yorùbá ayé ìgbà náà fi sábà máa ń wà nínú síídì méjì. MPEG-2 ni DVD ń lò. MPEG-4 tẹ̀ lé e ní ọdún 1999, H.264 sì dé ní 2003.

DivX wá láti inú ìdílé MPEG-4 yìí. Òun ló jẹ́ kí fíìmù wákàtí méjì lè wọ inú síídì kan tí ojú àwòrán rẹ̀ kò sì burú. Ẹ lè rí ìdí tí ó fi tàn kálẹ̀ láàárín àwọn tí íntánẹ́ẹ̀tì wọn ń falẹ̀, tó jẹ́ pé síídì ni wọ́n fi ń gbé fíìmù lọ fún ara wọn.

Ewé àti ohun tó wà nínú ewé

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í nìyí. AVI kì í ṣe ìlànà ìfúnpọ̀. Ewé ni. Ewé kan náà la fi ń di ẹ̀kọ tí a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín. Ẹni tó bá rí ewé nìkan lórí igbá kò tíì mọ ohun tó máa jẹ. Bákan náà, AVI, MP4 àti MKV jẹ́ ewé tí a fi di àwòrán àti ohùn pọ̀ sójú kan. Microsoft gbé AVI jáde ní ọdún 1992, ṣáájú DivX. Nítorí náà, AVI kan lè ní DivX nínú, òmíràn lè ní ohun tó yàtọ̀ pátápátá. Àwọn fáìlì méjèèjì yóò ní ìrù kan náà lẹ́yìn orúkọ wọn, ẹ̀rọ kan náà yóò sì ṣí ọ̀kan, yóò kọ èkejì.

Kí ẹ̀rọ tó lè fi fídíò hàn, ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń tú ewé, ó gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń tú àwòrán inú rẹ̀, ó sì gbọ́dọ̀ mọ ti ohùn náà. Bí ọ̀kan bá kù, fáìlì lè má ṣí rárá, tàbí kí àwòrán máa lọ láìsí ohùn. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, ẹni tí tirẹ̀ ń lọ láìsí ohùn sábà máa ń rò pé ẹ̀rọ rẹ̀ ló bàjẹ́.

Agbára tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀

Ẹ jẹ́ ká padà sí fámúwíà 2.10. Ẹnìkan lè rò pé PS3 kò lágbára tó láti ṣí WMV kí ó tó di oṣù Kejìlá 2007. Kò rí bẹ́ẹ̀. WMV tí à ń sọ yìí ń lo ìlànà ìfúnpọ̀ kan tó ń jẹ́ VC-1. Dandan sì ni kí gbogbo ẹ̀rọ tó ń gbé díìsìkì Blu-ray mọ VC-1. PS3 ń gbé Blu-ray láti ọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ tà á ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006. Ìyẹn ni pé ó ti mọ VC-1 ní gbogbo ìgbà tó ń kọ fáìlì WMV wa. Bí VC-1 bá wá nínú díìsìkì Blu-ray, á gbà á. Bí ó bá wá nínú fúláàṣì, ó di àjèjì.

Ti DivX náà kò jìnnà sí èyí. DivX ní olówó. Ilé-iṣẹ́ tó ni ín ló ń fún àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ láṣẹ láti fi orúkọ rẹ̀ sí ọjà wọn, Sony sì bá wọn ṣe àdéhùn. Irú ohun kan náà ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ Microsoft. Ní oṣù Karùn-ún 2007, Xbox 360 gba H.264 àti MPEG-4. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ó gba irú MPEG-4 tí DivX àti Xvid ń lò. Ẹ̀rọ méjèèjì ti wà ní ilé àwọn tó rà wọ́n kí àṣẹ yìí tó dé.

Ohun tí mo fẹ́ kí á mú dání nìyí: ohun tí ẹ̀rọ ń ṣí kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára nìkan. Ìmọ̀ tí wọ́n fi sí i lórí àti àṣẹ tí wọ́n fún un wà níbẹ̀. Ẹni tó fún un ni àṣẹ náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹni tó ra ẹ̀rọ.

Ẹni tó ń fúnni lè gbà á padà pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2010, Sony gbé fámúwíà 3.21 jáde fún PS3 kan náà. Èyí yọ ọ̀nà tí àwọn kan ń gbà fi Linux sórí ẹ̀rọ wọn kúrò. Ẹni tó bá kọ̀ ọ́ kò ní lè lo ètò íntánẹ́ẹ̀tì PlayStation mọ́. Ẹni tó bá gbà á, Linux rẹ̀ ti lọ.

Ohun tó ṣì ń dí wa lọ́wọ́ ní Opebi

Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, fídíò lè kọ̀ láti ṣí nítorí ohun mẹ́ta mìíràn.

Èkínní ni bí wọ́n ṣe to inú fúláàṣì tàbí háàdì díìsìkì. FAT32 ni PS3 ń kà, kì í ka NTFS. Oníbàárà lè gbé háàdì díìsìkì tó kún fún fíìmù wá, kí PS3 má rí nǹkan kan nínú rẹ̀. FAT32 pẹ̀lú kò gbà kí fáìlì kan ṣoṣo tó gígábáìtì mẹ́rin.

Èkejì ni bí fáìlì ṣe tóbi tó. Nígbà tí DivX àti WMV kọ́kọ́ dé sórí PS3, fáìlì tó bá ju gígábáìtì méjì lọ kì í ṣí. Fámúwíà 2.20 ti oṣù Kẹta 2008 ló mú ìdíwọ́ yẹn kúrò.

Ẹ̀kẹta ni MKV. PS3 kò gba ewé yìí títí di òní, bí ohun tó wà nínú rẹ̀ tilẹ̀ jẹ́ H.264 tí ẹ̀rọ náà mọ̀ dunjú. PlayStation 4 tó dé ní ọdún 2013 náà kò gbà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Oṣù Kẹfà 2015 ni ètò Media Player tó ń ṣí MKV tó dé sórí rẹ̀.

Ẹni tí dátà bá wọ́n fún kò ní láti so PS3 rẹ̀ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì kó tó gba fámúwíà. A máa ń fi kọ̀ǹpútà mú fáìlì náà lójú òpó Sony, a ó ṣí fódà tó ń jẹ́ PS3 sórí fúláàṣì, a ó ṣí òmíràn tó ń jẹ́ UPDATE sínú rẹ̀, a ó sì fi fáìlì PS3UPDAT.PUP síbẹ̀. Lẹ́tà ńlá ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí iná lọ lórí rẹ̀ bí ó bá ti bẹ̀rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù wa, a kì í dán an wò láìjẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ tàbí ínfátà ti wà nílẹ̀.

Ohun tó kan ẹ̀ka wa

Fíìmù tí PS3 kọ̀, a lè rí òmíràn rà. Ìjálá tí bàbá ọlọ́dẹ kan sun fún akẹ́kọ̀ọ́ ní abúlé rẹ̀ ní ogún ọdún sẹ́yìn kò ní àrọ́pò bí bàbá náà bá ti lọ. Bí ohùn rẹ̀ bá wà nínú fáìlì tí ẹ̀rọ òde òní kò mọ̀ mọ́, kì í ṣe pé ó ti parẹ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè gbọ́ ọ. Ẹ má dúró de ilé-iṣẹ́ kankan pé kó fún yín láṣẹ láti gbọ́ ọ. Ohun tí mo rọ̀ yín láti ṣe nìyí.

Ẹ kọ́kọ́ wo inú ewé. Ẹ fi VLC ṣí fáìlì náà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ Ctrl àti J pọ̀. Yóò sọ orúkọ ìlànà àwòrán àti ti ohùn fún yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ẹni tó kéwì, ìlú rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ gbà á sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ ṣe ẹ̀dà kan sí MP4 tó ní H.264 àti ohùn AAC nínú, nítorí pé fóònù, tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ géèmù tó ń ṣí i ló pọ̀ jù. Bí ó bá jẹ́ pé H.264 àti AAC ló ti wà nínú MKV yín tẹ́lẹ̀, ẹ má tún un sè. Ẹ kàn pààrọ̀ ewé rẹ̀. Ètò ffmpeg, tó jẹ́ ọ̀fẹ́ pẹ̀lú, ń ṣe é báyìí:

ffmpeg -i ijala.mkv -c copy ijala.mp4

Kì í pẹ́, kò sì ní ba ojú àwòrán jẹ́. Àmọ́ bí ó bá jẹ́ DivX tàbí WMV àtijọ́ ló wà níbẹ̀, a ní láti tún un sè ni, ìyẹn sì máa ń gba àkókò. Díẹ̀ sì máa ń dín kù nínú dídára rẹ̀ nígbàkígbà tí a bá tún un sè. Nítorí náà, ẹ má ṣe pa ògidì rẹ̀ rẹ́ láé. Ẹ fi ògidì pamọ́ sí ibi méjì, ó kéré tán, kí ẹ máa fi ẹ̀dà ṣe ìlò ojoojúmọ́.

Ẹ̀yin àgbà tí síídì iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yín ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ wọ́n jáde lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ wá kọ̀ǹpútà tó ṣì ní ojú síídì, ẹ da ohun tó wà nínú wọn sílẹ̀, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí ẹ̀ka wa. Síídì náà ń gbó, kọ̀ǹpútà tó lè kà á sì ń dín kù lọ́jà.